Ọkọ̀ Pupa Kékeré Tí Mo Rà, Tí Wọ́n Fi Mí Ṣe Yẹ̀yẹ́

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tójú mi rí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Inú mi ṣì ń dùn bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí!

Tíṣà ni mí ní Odeda, Ìtókò l'Abẹ́òkúta ni mo ń gbé. Nígbà tí mo fẹ́ ra ọkọ̀, gbogbo èèyàn ní kí n ra ọtomátíìkì. Àmọ́ ọkọ̀ pupa kékeré kan ló wọ̀ mí lójú, ẹ̀yìn rẹ̀ gé kúrú, búùtù àti gíláàsì ẹ̀yìn jọ ń ṣí sókè ni. Mánúwà ni o, èyí tí èèyàn ń fọwọ́ pààrọ̀ jíà rẹ̀. Mẹkáníìkì mi ní ẹ́ńjìnnì rẹ̀ le, kò sì ní máa mu epo jù. Kí ni mo tún ń wá?

Ha, wọ́n fi mí ṣẹ̀sín! Alhaji onílé wa, tí wọ́n ń ta aṣọ, ní ìyà àfọwọ́fà ni kí obìnrin máa tẹ kílọ́ọ̀ṣì lórí òkè Abẹ́òkúta. Jíípù ọtomátíìkì ni tiwọn. Ẹ má sọ fún ẹnì kankan o, lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ọkọ̀ náà kú mọ́ mi lọ́wọ́ lórí òkè, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ṣùgbọ́n gbogbo Sátidé ni mo fi kọ́ ọ títí ó fi mọ́ mi lẹ́sẹ̀.

Àfi bó ṣe di Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Òjò ń rọ̀, mo ń múra iléèwé, ni mo gbọ́ igbe. Rọ́fíà, ìyàwó ọmọ Alhaji, ti ń rọbí! Ọkọ rẹ̀ ti lọ síbi iṣẹ́ l'Ékòó. Alhaji yí kọ́kọ́rọ́ jíípù títí, bátìrì ti kú. Mo sáré sídìí tèmi. Ṣé ẹ máa gbà gbọ́? Tèmi náà ò dáhùn! Mo ti gbàgbé iná inú ọkọ̀ sílẹ̀ ní títàn mọ́jú, bátìrì tèmi náà ti kú. Kò sì sí ọ̀kadà kankan nínú òjò yẹn.

Alhaji káwọ́ lérí, wọ́n ní ó ti parí.

"Kò tíì parí o! Mánúwà ni tèmi, ó ṣeé tì jí, kò dà bí ọtomátíìkì. Ẹ bá mi tì í!"

A gbé Rọ́fíà sẹ́yìn ọkọ̀ pẹ̀lú ìyá ọkọ rẹ̀. Alhaji ká jàlàbíà wọn sókè, àwọn àti aládùúgbò méjì bẹ̀rẹ̀ sí í tì. Ọkọ̀ ń yí lọ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì, mo fi í sí jíà kejì, mo tú ẹsẹ̀ sílẹ̀ lójijì. Gbrrrr! Ó jí! Ẹ wá gbọ́ "Allahu Akbar!" lẹ́yìn mi!

Ó wá ku òkè tó lọ sí ọsíbítù, jíà kìn-ín-ní ni mo fi gùn ún, ọkọ̀ náà kò yẹ̀ sẹ́yìn rárá. Kò pẹ́ tí a débẹ̀ ni Rọ́fíà bí ọmọbìnrin làǹtìlanti. Nọ́ọ̀sì ní ká ní a pẹ́ díẹ̀ sí i ni, inú ọkọ̀ ni ì bá bí i sí.

Alhaji dé, omi ń ro lára wọn. "Tíṣà, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ mi ti pọ̀ jù."

Ẹ gbọ́ "ẹ" yẹn? Àgbàlagbà tó ń pè mí ní "ìwọ" láti ọjọ́ yìí wá! Ìyàwó wọn wá ní kí n kọ́ òun ní mánúwà. A bẹ̀rẹ̀ lánàá.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé ká gbọ́ ìmọ̀ràn, àmọ́ ẹni tó máa wa ọkọ̀ ni kó yan ọkọ̀. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ rà rí tí wọ́n bú yín lé lórí, tó wá di ohun àmúyangàn? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, mo fẹ́ bá yín yọ̀!