Òróró Lára Ewé Rọ́bà

Ní ilé Olúfúnmi ní Blackley, nílùú òyìnbó, ewé lèèyàn fi lè mọ ìgbà tí Ọlákúnlé ọkọ rẹ̀ kú. Àwọn ewé ìsàlẹ̀ igi rọ́bà tó wà lẹ́bàá fèrèsé fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ ọkùnrin. Ìgbà tí Ọlákúnlé wà láyé ni wọ́n là. Àwọn tòkè kò ju etí ológbò lọ, èyí tó là kẹ́yìn kò sì tó àtàǹpàkò.

Ọlákúnlé ló ra igi náà. Ó ń bọ̀ láti Trafford Park, níbi tó ti ń to ẹrù sínú ọkọ̀, ló rí i nínú ìkòkò níwájú ṣọ́ọ̀bù kan. Nígbà tó gbọ́ pé rọ́bà ni, ẹ̀rín pa á, nítorí ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ẹ̀gbẹ́ oko rọ́bà ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà.

"Fúnmi, wá wo nǹkan!" ó ní. "Rọ́bà bàbá mi ga ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ. Èyí wá jókòó sínú ìkòkò bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi!"

Òun ló ń bomi rin ín, òun ló ń nu ewé rẹ̀. Olúfúnmi kì í fọwọ́ kàn án.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni ewé bẹ̀rẹ̀ sí í kéré. Olúfúnmi rò pé òùngbẹ ni; ó bu omi sí i títí omi fi ṣàn sórí kápẹ́ẹ̀tì. Kò yàtọ̀. Ó gbé e jìnnà sí híítà, ó ra ajílẹ̀ inú ìgò, ó da díẹ̀ sí i. Ewé mìíràn là, ó tún kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rù wá bà á. Aṣọ Ọlákúnlé ti lọ, bàtà iṣẹ́ rẹ̀ ti lọ. Igi yìí nìkan ni ohun ẹlẹ́mìí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé wọlé tó ṣì kù. Bí igi náà bá kú ńkọ́?

Bó ṣe di pé ó mú òróró àdúrà nìyẹn. Láràárọ̀, kó tó lọ síbi iṣẹ́ ìmọ́tótó ní pápákọ̀ òfuurufú, á da òróró sí àtẹ́lẹwọ́, á fi pa ewé kọ̀ọ̀kan, iwájú àti ẹ̀yìn, á sì máa wí pé, "Má kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ní orúkọ Jésù, má kú mọ́ mi lọ́wọ́."

Ní Sátidé kan, tí òjò ń rọ̀ bí ìṣe rẹ̀, Mofẹ́olúwa, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní yunifásítì, wálé. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀, ó wo ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Mọ́mì! Kí lẹ fi pa á? Ó ń dán bí àkàrà. Ṣé ẹ fẹ́ dín in ni?"

"Òróró àdúrà ni. Má fi nǹkan Ọlọ́run ṣe yẹ̀yẹ́."

"Mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́ o, mà." Ó fi ìka kan ewé. Eruku ti lẹ̀ mọ́ òróró, ìka rẹ̀ sì dúdú. "Ẹ wò ó. Ewé ní ihò kéékèèké lára tójú ò lè rí. Ibẹ̀ ló ti ń mí. Òróró ti dí gbogbo rẹ̀, kọ́tìnì yìí tún bo ìmọ́lẹ̀ mọ́ ọn. Kò lè mí, Mọ́mì."

Olúfúnmi jókòó. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni nọ́ọ̀sì sọ fún un nípa ọkọ rẹ̀ nílé ìwòsàn, tó sì gbé ọwọ́ lé e léjìká: kò lè fúnra rẹ̀ mí mọ́. Àyà Ọlákúnlé ń dán lọ́jọ́ náà, nítorí òróró àdúrà yìí kan náà ni Olúfúnmi ti fi ń pa á láti àárọ̀.

"Mofẹ́." Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ṣé èmi ni mo dí i?"

"Ewé lásán ni, Mọ́mì, a lè..." Ọmọ náà wo ojú ìyá rẹ̀, ó sì yé e pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ewé ni ìyá òun ń bi òun. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Rárá o. Rárá, Mọ́mì. Ẹ̀dọ̀fóró Dádì ló ti bàjẹ́. Imú làwa èèyàn fi ń mí, kì í ṣe awọ. Ẹ má rò ó bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́."

Olúfúnmi kàn mi orí.

Mofẹ́olúwa bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú abọ́, ó kán ọṣẹ díẹ̀ sí i, ó mú àkísà wá. Ó fa kọ́tìnì tí ìyá rẹ̀ kò ṣí láti ọjọ́ ìsìnkú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìmọ́lẹ̀ tó wọlé kò tó nǹkan. Ọmọ ń di ewé mú, ìyá ń nù ún. Àkísà dúdú, omi dúdú.

"Ṣé wọ́n á wá tóbi báyìí?"

Mofẹ́olúwa kò fẹ́ parọ́. "Àwọn tó ti là, bí wọ́n ṣe kéré yẹn ni wọ́n máa wà. Èyí tó ń bọ̀ ni ká máa retí." Ó tọ́ka sí ṣóńṣó igi, níbi tí ewé tuntun ti ká jọ, pupa, tín-ín-rín. "Kò sì dájú, Mọ́mì."

"Mo gbọ́."

Ó wá ku ewé kan ṣoṣo, èyí tó kéré jù. Mofẹ́olúwa ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, pé ìyẹn kò ní dàgbà mọ́. Olúfúnmi ti àkísà bọ omi. Ó fi ọwọ́ kan gbé ewé náà láti ìsàlẹ̀, bí ẹni gbé orí aláìsàn, ó sì ń nu òróró kúrò lára rẹ̀, iwájú àti ẹ̀yìn, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.