Wàrà tí ìyàwó àbúrò mi fi pamọ́ sínú ẹ̀gúsí

Ráfíátù, àáró ọjọ́ kan tí mo jẹ ọ́, mo ti san án ní oko kajú rẹ láàárọ̀ yìí. Ó parí.

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ráfíátù yìí, ìyàwó àbúrò mi, mọ̀ pé bí mo bá jẹ wàrà, orúnkún mi á wú. Mi ò sọ pé ti gbogbo ayé rí bẹ́ẹ̀, tèmi rí bẹ́ẹ̀.

Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ló gbé fún mi lọ́sàn-án. Nígbà tó di ìrun Alásárì, mi ò lè kúnlẹ̀ mọ́. Ló bá bú sẹ́rìn-ín:

“Tata, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, mo rún wàrà sí i! Ṣé orúnkún yín ní ahọ́n ni?”

Kò ní ahọ́n, ṣùgbọ́n ó ti dá ọ lóhùn.

Kajú tèmi wà nílẹ̀ ní oko mi ní Goro, mi ò lè bẹ̀rẹ̀ ṣà á. Ẹ̀yin ará, ta ló yẹ kó ṣà á? Ráfíátù, mò ń retí èsì rẹ ní Àlàmísì.