Ìyá Onílé Tí Kò Gbọ́ Yorùbá

Iṣẹ́ ọ̀nà ló lé wa kúrò ní Ṣakẹ́tẹ́. Àwọn aláṣẹ Faransé a máa fipá kó àwọn ọkùnrin lọ la ọ̀nà láìsanwó, bàbá mi sì ti lọ títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi fẹ́ tẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún ní ó kàn án, ó kó irinṣẹ́ káfíńtà rẹ̀ sínú àpò, ó kó ìyá mi, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, a sì gba ọ̀nà oko bọ́ sábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ajido tó wà létí ọ̀sà, nítòsí Àgbádárìgì, la fìdí kalẹ̀ sí. Ọ̀nà náà kò jìn tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n lójú ìyá mi, a ti rìn dé ìpẹ̀kun ayé.

Owó wọn kì í ṣe owó tiwa. Ibi téèyàn bá yíjú sí, omi ni, ìyá mi tí wọ́n bí sáàárín ọ̀pẹ kò sì fọkàn tán omi tí kò bá sí nínú ìkòkò. Ní ilé ẹ̀kọ́, nígbà tí tíṣà pe orúkọ ẹ̀gbọ́n mi, ó nàró, ó dáhùn pé "Pẹrẹsáǹ," bí àwọn Faransé ṣe kọ́ ọ láti sọ pé òun wà níbẹ̀. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ wó kíláàsì. Pẹrẹsáǹ ni wọ́n sì ń pè é títí tó fi jáde níbẹ̀. Èyí tó wá burú jù ni pé Gùn, èdè àwọn Ègùn, làwọn aládùúgbò wa ń sọ. Àwa ọmọdé yára mọ̀ pé osin ni omi, whèvi ni ẹja. Ìyá mi ní ahọ́n òun kò ṣe é ká.

Opó kan tó ń yan ẹja tà ló fún wa ní yàrá nínú ilé rẹ̀. Ìyá Onílé la máa ń pè é. Obìnrin ńlá ni, kì í kánjú, ojú rẹ̀ kì í sì í sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ tí a dé, ìyá mi kúnlẹ̀, ó kí i, ó ṣàlàyé ibi tí a ti wá àti ohun tójú wa rí, gbogbo rẹ̀ ní Yorùbá. Obìnrin náà wò ó títí ó fi parí, ó ní, "Mì kuabọ̀," èyí tí àwa náà mọ̀ sí ẹ káàbọ̀, ó sì padà sídìí ẹja rẹ̀. Ìyá mi dìde, ó gbọn iyanrìn kúrò lórúnkún, ó sì sọ fún bàbá mi pé, "Kò gbọ́ ẹyọ kan."

Láti ọjọ́ náà ni ẹnu ìyá mi ti tú. Ohun tó bá wà nínú rẹ̀, àgbàlá ló ti ń sọ ọ́, lójú Ìyá Onílé gan-an. Ó ní èéfín ààrò obìnrin yìí yóò sọ wá di ẹja yíyan. Ó ní bó ṣe ń hanrun lóru, bí ẹni ń wọ́ ọkọ̀ ojú omi lórí òkúta ni. Ó ní ọbẹ̀ tó fi ránṣẹ́ sí wa dà bí omi tí iyọ̀ kàn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Bó ṣe ń sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ló ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, tí Ìyá Onílé náà ń mi orí bí ẹni tí wọ́n ń yìn.

Ṣùgbọ́n ìdáhùn kì í pẹ́ dé. Lọ́jọ́ kejì ọ̀rọ̀ èéfín, igi tútù ni Ìyá Onílé fi dáná, ẹnu ọ̀nà wa sì ni èéfín náà kọjú sí. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìhanrun, ó gbé ẹní rẹ̀ wá sẹ́bàá ògiri wa. Ọbẹ̀ tó tún fi ránṣẹ́ níyọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí bàbá mi fi mu omi títí ilẹ̀ fi mọ́. Ìyá mi ronú sí i, ó sì dé ìdí ọ̀rọ̀: àwa ọmọ tó gbọ́ Gùn là ń ṣòfófó. Ó ní ká kúnlẹ̀, ká na ọwọ́ sókè. A búra, a sunkún, kò gbà.

Ìyà ẹlẹ́ṣẹ̀ kan tí a kò mọ̀ la ń jẹ. Ẹ̀gbọ́n mi sì pinnu pé a óò wá a rí.

Ibi tí a ti ń ṣeré la ti rí i. Ọ̀sán ni, ìyá mi lọ sọ́jà. Ìyá Onílé ń ro ọkà lórí ààrò, àwa méjèèjì jókòó nítòsí, à ń pa àlọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Òkun ń hó yaya, ọ̀sà ń hó yaya, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́." Mo ronú títí, mi ò mọ̀ ọ́n. Mo ní ọkọ̀ ojú omi ni, ó ní irọ́. Mo ní ẹja ni, ó ní irọ́. Ló bá di pé nǹkan gbígbóná kan ń kán sí mi lẹ́sẹ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, Ìyá Onílé ti yọ orógùn rẹ̀ kúrò nínú ìkòkò, ó sì nà án síwájú imú mi.

Orógùn ni ìdáhùn àlọ́ náà.

Ẹ̀gbọ́n mi fò dìde. Ó ní, "Ẹ gbọ́ Yorùbá."

"Abẹ́òkúta ni mo ti lọ́kọ," ló fi Yorùbá tó dán bí ẹyin dá a lóhùn. "Ibẹ̀ ni mo ti sin ín kí n tó padà wálé."

Ẹ̀gbọ́n mi bi í pé kí ló dé tí kò wí. Ó ní kò sẹ́ni tó bi òun. Lẹ́yìn náà ló fi kún un pé láti ìgbà tí ọkọ òun ti kú, òun kò tíì gbọ́ ẹnu tó dùn tó ti ìyá wa, bí òun bá sì jẹ́wọ́ pé òun gbọ́, ìyá wa kò ní sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó fún wa ní akàn yíyan kọ̀ọ̀kan, ó fọwọ́ lé ètè.

Akàn náà dùn jù. A kò ní jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Nígbà tí ìyá mi jókòó sí àgbàlá nírọ̀lẹ́, mo bi í pẹ̀lú ohùn òkè, kí Ìyá Onílé lè gbọ́, pé èwo ló fẹ́ràn jù nínú oúnjẹ ìlú yìí. Ó ní kò sí. Ẹ̀gbọ́n mi rán an létí akàn. Ó ní ó dáa, akàn nìkan ló ṣe é fẹnu kàn. Lọ́jọ́ kejì, akàn dé, ó kún àwo. Bẹ́ẹ̀ la ṣe rí àgbọn gbà, a rí àkàrà gbà, a sì rí i pé igi gbígbẹ padà sídìí ààrò. Ìyá mi kíyè sí i pé ohun tí òun bá fẹnu pè ti ń dé. Ó sọ fún bàbá mi pé ó dà bíi pé àṣẹ ti wà lẹ́nu òun. Bàbá mi ní kó fi pe owó ilé.

Adìyẹ ló fi dán an wò. Ó dúró sáàárín àgbàlá, ó la ẹnu, ó ní òun fẹ́ adìyẹ tó sanra. Ojú mi àti ti ẹ̀gbọ́n mi kò kúrò lára Ìyá Onílé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbé igbá tó ní ọmọrí wá, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ìyá mi pẹ̀lú ìtẹríba. Nígbà tí ìyá mi ṣí i, ẹyin kan ló wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi sá lọ sẹ́yìn ilé lọ rẹ́rìn-ín.

Àbúrò ìyá mi obìnrin tó ti Ṣakẹ́tẹ́ wá kí wa ló tú àṣírí náà, láìmọ̀. Ìyá mi ń ròyìn obìnrin tí kò gbọ́ ohunkóhun yìí fún un, ìyẹn kò sì fẹ́ gbà. Ìyá mi ní kó máa wò. Ó sún mọ́ ìdí ààrò, ó kúnlẹ̀ dáadáa, ó fi ohùn dídùn sọ pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá wa, ẹlẹ́nu bí ìkòkò èéfín."

Ìyá Onílé yí ẹja kan padà, ó tún yí èkejì. Ó ní, "O ṣeun, ìyàwó. Ìkòkò èéfín náà ló ń bọ́ ẹ látọjọ́ yìí."

Àbúrò ìyá mi rẹ́rìn-ín títí ìró fi tú nídìí rẹ̀. Ìyá mi gbéra lórí orúnkún. Yàrá ló sá wọ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Kò jáde, kò jẹun. Nígbà tí bàbá mi dé, ìyá mi gba inú ilẹ̀kùn sọ fún un pé ilé yá, ká padà sí Ṣakẹ́tẹ́. Bàbá mi ní kò burú, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni yóò lọ la ọ̀nà Faransé lọ́tẹ̀ yìí. Kó mú ọkọ́ dání. Ó rán wa lọ bẹ Ìyá Onílé. Ìyá Onílé ní kí ni a ń bẹ òun sí. Ẹni tí ebi bá pa yóò jáde.

Nírọ̀lẹ́, ó gbé àpótí rẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà yàrá wa, ó jókòó, ó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo ohun tí ìyá mi ti sọ láti ọjọ́ tí a dé, pẹ̀lú ohùn ìyá mi, pẹ̀lú bó ṣe máa ń fa ọ̀rọ̀ gùn. Ó sọ ti èéfín, ti iyọ̀, ti adìyẹ. Nígbà tó dé orí ìhanrun, ó hanrun. A gbọ́ nǹkan kan nínú yàrá. A kọ́kọ́ rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni, ìyá mi ti fi aṣọ dí ẹnu, kò sì lè dá a dúró mọ́.

Ó ṣílẹ̀kùn, ó dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, nítorí ó ní ìkúnlẹ̀ ti bàjẹ́ lójú òun. Ìyá Onílé fà á dìde. Ó ní ẹ̀ṣẹ̀ kan ló ṣẹ̀, òun náà sì ni pé kò kọ́ Gùn: "Ohun táwọn obìnrin etí ọ̀sà ń sọ nípa rẹ dùn ju ohun tí ìwọ ń sọ nípa mi lọ. O ń pàdánù."

Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Gùn lọ́jọ́ kejì nídìí ẹja, èéfín sì ń mú kí ojú rẹ̀ máa ṣomi. Kò gbọ́ ọ dáadáa láéláé. Bó bá fẹ́ ra ẹja, wọ́n a ní kó tún un sọ, kí wọ́n lè tún rẹ́rìn-ín. Ó ń tún un sọ. Èmi ti fẹ́ pé ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tó bí àbúrò wa, Ìyá Onílé ló sì wẹ̀ ẹ́, tó ń fi Gùn bá a wí pé ariwo rẹ̀ ti pọ̀ jù, tí ìyá mi sì ń fi Gùn wíwọ́ dá a lóhùn pé kó fi ọmọ òun sílẹ̀.