Ìyáálé Mi Kì Í Pe Ọkọ Lórúkọ

Bí ẹ bá dé Ìrókò lónìí, tí ẹ béèrè Ìyá Ẹlẹ́kọ ti agboolé Olókè, ọmọdé tó bá ń ṣeré lójú títì ló máa mú yín dé ẹnu ọ̀nà wọn. Ìyáálé mi nìyẹn. Àpèkẹ́ ni oríkì tí àwọn òbí wọn fi ń kì wọ́n. Mo kọ ọ́ síbí kí ẹ lè mọ ẹni tí mò ń sọ ni, nítorí ẹnu mi kò jẹ́ pè é lójú wọn láéláé. Èmi ni mo kéré jù nínú àwọn ìyàwó ilé náà. Mùjíbátù lorúkọ mi, inú sì máa ń tètè bí mi. Ẹni tí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó wá bá mi nílé.

Ẹ̀kọ ni ìyáálé mi ń ṣe tà láti ìgbà tí wọ́n ti wọ ilé yìí. Títí dòní, pẹ̀lú gbogbo orúnkún tó ń ro wọ́n, wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn dúró ti ìkòkò. Àwa la máa ń gbé àgbàdo lọ sẹ́nu ẹ̀rọ, àwa la máa ń sẹ́ ògì, àwa náà la máa ń nu ewé. Ṣùgbọ́n bí omi bá ti hó, tó di kí á máa yí igi lọ nínú ìkòkò, wọn á ní ká sún sẹ́yìn, pé ọwọ́ wa ń kánjú. Òótọ́ ni, ọwọ́ wa ń kánjú. Ẹ̀kọ tiwọn, bí ẹ bá tú ewé rẹ̀, á máa dán, kò ní lẹ̀ mọ́ ewé, kò sì ní kókó kankan nínú. Láti Mọ́níyà ni àwọn èèyàn ti ń wá rà á.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ẹ̀kọ ni mo jókòó láti kọ. Ohun tí ìyáálé mi mọ̀ ọ́n ṣe jù ẹ̀kọ lọ ni kí wọ́n sọ ọkọ lórúkọ.

Ní ilé wa, gbogbo ọmọ tí ìyàwó bá bá nílé lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wọlé, ọkọ rẹ̀ ni, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́, ì báà sì jẹ́ obìnrin. Ìyàwó kò gbọdọ̀ pè é ní orúkọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Yóò wá orúkọ tirẹ̀ fún un, òun ni yóò máa pè é títí ayé, yóò sì máa kúnlẹ̀ kí i. Ọmọ tí wọ́n bá bí lẹ́yìn tí ìyàwó ti dé ni ìyàwó lè pè lórúkọ bó ṣe wù ú. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń fi wá ṣẹ̀rín nítorí ẹ̀. Wọ́n ní báwo ni ìyá arúgbó ṣe máa kúnlẹ̀ fún ẹni tó gbé pọ̀n. Èmi máa ń dá wọn lóhùn pé ilé tí kò sí ìyàwó tó ń kúnlẹ̀ nínú ẹ̀, kí wọ́n lọ wo bó ṣe rí.

Ìyàwó mìíràn á kàn sáré sọ ọmọ ní Adúmáadán tàbí Ìbàdíàrán, orúkọ tí ó wà ní gbogbo agboolé. Ìyáálé mi kì í kánjú nídìí èyí náà. Wọn á wo ọmọ náà títí. Àbúrò ọkọ wọn kan wà tó jẹ́ pé bí ẹ bá bi í ní ọ̀rọ̀ láàárọ̀, ó di ọ̀sán kí ó tó dáhùn. Ọ̀rọ̀ńbọ̀ ni wọ́n sọ ọ́. Òun ni mọgàjí agboolé wa báyìí, ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì yára dé ẹnu rẹ̀. Ọmọbìnrin kan wà tó máa ń sáré pàdé àwọn tó ń ti oko bọ̀ láti gbẹrù lórí wọn. Wọ́n sọ ọ́ ní Gbàmílẹ́rù. Ó ti di ìyá ọmọ méje, inú rẹ̀ sì ń dùn bí ẹ bá pè é bẹ́ẹ̀.

Ọkọ tí ìtàn yìí dá lé ni Sunkúngbẹ̀kọ. Bí mo bá ń pe ọkùnrin náà ní “ó” nínú ohun tí mò ń kọ yìí, kí ọ̀rọ̀ má baà lọ́jú pọ̀ ni. Lójú rẹ̀, èmi náà ń kúnlẹ̀.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn dáadáa ni nígbà tí wọ́n gbé ìyáálé mi wọlé. Láàárín oṣù yẹn ni àìsàn gbé ìyá rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ní ìgboro Ìbàdàn, kò sì padà wálé mọ́. Ọmọ ò mọ ikú. Lójoojúmọ́, bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, yóò jáde wá sídìí ààrò, yóò jókòó sínú eérú, yóò sì máa sunkún. Ìyáálé mi kò tíì mọ ojú ilé nígbà náà, ìyàwó tuntun ni wọ́n, àwọn àgbà ìyàwó sì ń ṣọ́ ìkòkò wọn. Síbẹ̀, kí wọ́n tó ta ẹ̀kọ kankan, wọ́n á kọ́kọ́ bu èyí tó gbóná sínú ewé, wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn sí i, wọ́n á kúnlẹ̀ gbé e fún ọmọ náà. Wọ́n á ní, “Sunkúngbẹ̀kọ mi, ọkọ mi àtàtà, ẹ jẹun.” Ọmọ tí kò tíì mọ ṣòkòtò wọ̀, “ẹ” ni ìyáálé mi ń pè é. Àwọn kan bá wọn wí pé kò yẹ kí á máa fi ọjà tí a kò tíì ṣíjú rẹ̀ fún ọmọdé jẹ. Wọ́n dáhùn pé ọkọ àwọn kì í ṣe ọmọdé.

Báyìí ni ó ṣe dàgbà. Ó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ oníṣòwò páànù kan ní Adégbàyí, ó gba òmìnira, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ó lọ sí Mẹ́kà, ó di Àlàájì. Bí ó bá wálé fún Iléyá, ìyáálé mi á ti ẹnu ọ̀nà pè é, “Sunkúngbẹ̀kọ!” Ọkùnrin fìrìgbọ̀n náà á bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, á ṣí fìlà, á ní, “Ìyá mi, mo ti dé o.” Ẹ ò rí ayọ̀ ojú rẹ̀. Èmi rí i.

Ẹnu ẹlòmíràn ló ba orúkọ náà jẹ́. Sàníù lẹni yẹn ń jẹ́, oníṣòwò páànù ni òun náà ní Adégbàyí, òun àti ọkọ wa sì jọ ń du ipò alága ẹgbẹ́ wọn. Ó bá ọkọ wa wá síbi òkú kan ní Ìrókò, ó gbọ́ bí ìyáálé mi ṣe pè é, kò sì béèrè ìdí. Nígbà tí wọ́n ṣe ìpàdé tí wọ́n fẹ́ dìbò, ó dìde, ó ní ẹni tí wọ́n mọ̀ nílé sí Sunkúngbẹ̀kọ, ṣé òun ni yóò gbẹnu sọ fún àwọn níwájú ìjọba, àbí ẹkún ni yóò lọ sun fún wọn? Gbogbo ilé ìpàdé bú sẹ́rìn-ín. Sàníù ló wọlé. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọmọṣẹ́ ti ń sọ orúkọ náà lẹ́yìn ọkọ wa, tí wọ́n ń fi imú fa ẹkún tẹ̀lé e. Rùqáyyàh ìyàwó rẹ̀ kò lè kọjá ní ìsọ̀ aláta kí wọ́n má rẹ́rìn-ín. Orúkọ tí wọ́n fi tu ọmọ òrukàn nínú ló wá di èébú. Mo mọ̀ pé ó dùn ún. Ó yẹ kó dùn ún. Ibi tí ó gbé ìbínú rẹ̀ lọ ni mo kọ̀.

Ní ọdún yìí ni àwọn Mùsùlùmí àdúgbò wa pinnu láti wé láwàní fún un, kí ó jẹ́ Bàbá Àdínì. Nígbà tí ọjọ́ ku díẹ̀, ó wá bá mọgàjí, wọ́n sì ránṣẹ́ pe ìyáálé mi. Èmi ni mo gbé omi wọlé, mi ò sì jáde. Ní ilé wa, bí ọmọ ilé bá joyè, àgbà ìyàwó ló máa ń ṣáájú àwọn ìyàwó yòókù jáde láti lọ kí i. Òun ló máa kọ́kọ́ kúnlẹ̀, òun ló máa kọ́kọ́ pè é. Ipò yẹn ni wọ́n ń bá ìyáálé mi dù, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní nǹkan mìíràn fún yín.

Mọgàjí wo ilẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní orúkọ yẹn ti di ìwọ̀sí níta, pé àlejò yóò pọ̀, pé Sàníù gan-an ń bọ̀. Ó ní kí ìyáálé mi pe Àlàájì ní orúkọ tí gbogbo ayé ń pè é, bí wọn kò bá sì lè ṣe é, kí wọ́n jókòó sí yàrá lọ́jọ́ náà kí ìyàwó tó tẹ̀lé wọn ṣáájú.

Ọkọ wa ni ìyáálé mi kọjú sí. “Ṣé ohun tí ẹ̀yin náà fẹ́ nìyẹn, Sunkúngbẹ̀kọ?”

Kò lè wo ojú wọn. “Ìyá, ẹ má bínú,” ni ó wí. “Wọ́n ti fi bú mi tó. Orúkọ mi ni kí ẹ pè.”

“Ó dáa,” ni ìyáálé mi sọ. “Mo ti gbọ́.”

Nígbà tí a dé ìdí ààrò, mo sọ gbogbo ohun tó wà nínú mi. Mo ní kí wọ́n má lọ rárá, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn àlejò béèrè ibi tí àgbà ìyàwó wà, kí ojú ti gbogbo wọn. Ìyáálé mi ń to ewé lọ ní tiwọn. Nígbà tí ó rẹ̀ mí, wọ́n ní àwọn kò ní tìtorí Sàníù jókòó sí yàrá nínú ilé tí àwọn ti lo gbogbo ayé àwọn. Wọ́n ní ohun tí ọkọ àwọn ní kí àwọn ṣe náà ni àwọn máa ṣe, pátápátá.

Iwájú mọ́ṣáláṣí ni wọ́n ta ìbòji sí. Lẹ́mọ́ọ̀mù wé láwàní náà, ó funfun báláú, àdúrà gùn, gbohùngbohùn ń han. Sàníù wà ní ìlà iwájú nínú agbádá tó tóbi jù ú. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí àwọn ìyàwó ilé bọ́ síta. Ìyáálé mi ṣáájú, a tẹ̀lé wọn, a dé iwájú àga ọkọ wa. Gbogbo wa ti tẹ orúnkún díẹ̀, a ń dúró kí àgbà kọ́kọ́ kúnlẹ̀.

Wọn kò kúnlẹ̀. Wọ́n dúró ṣánṣán, wọ́n gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ ẹni tó mú un.

“Mùtíù,” ni ìyáálé mi wí.

Orúkọ náà nìyẹn. Mo ti kọ ọ́, kí ilé Olókè foríjì mí, mi ò ní kọ ọ́ mọ́.

“O kú oríire. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí o lò ó pẹ́.”

Àwọn àlejò ní “Àmín,” wọ́n pàtẹ́wọ́. Kí ni kò dára níbẹ̀? Ìyá àgbà ṣàdúrà fún ọmọ. Sàníù pàápàá ń mi orí. Ṣùgbọ́n ní ibi tí àwọn ará ilé wa jókòó sí, kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Tẹ̀sùbáà bọ́ lọ́wọ́ mọgàjí. Gbàmílẹ́rù ká ọwọ́ lérí. Ta ni ìyàwó ń dúró kí ní ilé wa, tó ń pè ní “o”? Ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn tó ti dé ni, tàbí ẹni tó ń kọjá lọ lójú ọ̀nà. Gbangba ni ìyáálé mi ti yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn tí wọ́n bá nílé. Sàníù kò bú u tó bẹ́ẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ohun tí ọkọ wa fúnra rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún gan-an ni ìyáálé mi fún un. Orí mi wú. Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n orí mi wú.

Ẹ̀rín ojú ọkọ wa ti tán. Ó dìde lórí àga. Lẹ́mọ́ọ̀mù gbá a létí agbádá mú, ọkọ wa rọra fa etí agbádá náà yọ, ó wá lóṣòó síwájú ìyáálé mi pẹ̀lú láwàní lórí.

“Ìyá, ta ni ẹ pè yẹn?”

“Ìwọ ni,” ni wọ́n dáhùn. “Orúkọ tí o ní kí n pè ọ́ ni.”

“Ẹ bá mi nílé ni,” ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà. “Ẹ má sọ mí di àlejò nílé bàbá mi.”

Ọkọ wa dìde, ó gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ ìyáálé mi, ó kọjú sí àwọn àlejò. Ó sọ bí ìyá rẹ̀ ṣe lọ sí ọsibítù tí kò padà. Ó sọ ti ìdí ààrò, ó sọ ti ìyàwó tuntun tó ń kúnlẹ̀ gbé oúnjẹ fún ọmọ tó wà níhòòhò. Ó ní Sunkúngbẹ̀kọ ni orúkọ tí ìyàwó náà fún òun, pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi pe òun láti òní lọ, kó pè é sókè dáadáa, òun yóò jẹ́ ẹ. Kò dárúkọ Sàníù. Sàníù ń wá nǹkan tí kò sọnù nínú àpò agbádá rẹ̀.

Ọkọ wa wá yíjú padà, ó fa gbohùngbohùn lé ìyáálé mi lọ́wọ́. “Ẹ pè mí,” ni ó wí.

Wọ́n tún ìró wọn ró, wọ́n sì dì í le. Ìgbà náà ni ìyáálé mi tó kúnlẹ̀, àwa ìyàwó ilé sì tẹ̀lé wọn.