"Ọmọ Mi" Lẹ́nu Nọ́ọ̀sì

Òwú lásán ni wọ́n fi ń nu ojú ara láti ṣàyẹ̀wò kòkòrò tí aboyún lè kó ran ọmọ nígbà ìbí. Èmi gọ̀, mo rò pé abẹ́rẹ́ ni, ẹ̀rù sì bà mí bí ẹni pé èmi ni mo lóyún. Inú mi dùn nígbà tí nọ́ọ̀sì wa ní Òkè Baálẹ̀ tẹ ikùn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó lóyún wò, tó ní, "Ọmọ mi, má ṣe àyẹ̀wò kankan. Ọwọ́ mi ti rí i." "Ọmọ mi" ló ń pe gbogbo aboyún.

Àṣé nọ́ọ̀sì yìí ti mú ọmọ tirẹ̀ tó lóyún lọ ṣe àyẹ̀wò náà ní Iléṣà! Mo bi í, kò tiẹ̀ tijú: "Ìyẹn ni mo fi inú mi bí."

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní, "Bàbá kékeré, ẹ má bá a jà. Ibi tó mú tirẹ̀ lọ ni kí ẹ mú mi lọ."