Eula Touchet Sọ Àtíbàbà Ọkọ̀ Di Yàrá

Ọdún tí Eula Touchet pé ẹni ọgọ́ta ọdún ló pinnu pé òun máa mọ ògiri yí àtíbàbà tí ọkọ rẹ̀ máa ń gbé ọkọ̀ sí nígbà ayé rẹ̀. Òrùlé ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó nà jáde láti ara òrùlé ilé, òpó irin ló gbé e ró, kọnkéré sì wà nílẹ̀. Ọkọ̀ ti di títà tipẹ́. Fírísà ẹja àti ìkòkò tí wọ́n fi ń se edé nìkan ló kù níbẹ̀. Eula ní kí lòun ń fi irú àyè bẹ́ẹ̀ ṣe, nígbà tí àbúrò òun wà nílé ìtọ́jú arúgbó ní Lafayette, tó ń fi ojoojúmọ́ wo àjà ilé onílé.

Clovis ni àbúrò náà. Clovis kò tíì mọ̀ ọ́n rìn tán tí ìyá wọn fi kú, Eula ló sì tọ́ ọ dàgbà. Nígbà tó tójú bọ́, ó bá àwọn tó ń wa epo lọ sórí òkun, àtìgbà náà ló ti di àlejò nílé ara rẹ̀. Kò wá síbi ìsìnkú ọkọ Eula. Eula kò bá a sọ ọ́ rí, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò kúrò ní inú rẹ̀. Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ wá mú Clovis, tí ọwọ́ òsì àti ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kọṣẹ́ sílẹ̀, àwọn ìbátan ní kí Eula fi í síbi tó wà. Eula ní a kì í bínú orí ká fi fìlà dé orúnkún.

Ilé ìdáná iléèwé ló ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà, gbàrà tí iléèwé gba ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn ló bẹ̀rẹ̀. Alcide Meaux, aládùúgbò rẹ̀ tó máa ń kan ọkọ̀ ojú omi, fi bí wọ́n ṣe ń to igi hàn án, lẹ́yìn náà ó jẹ́ kó máa ṣe é fúnra rẹ̀. Eula fi igi àti pákó dí iwájú tó kọjú sí títì, ó dí ẹ̀gbẹ́, ó sì kùn wọ́n ní ọ̀dà funfun. Ògiri ilé ni apá kẹta. Ẹ̀yìn tó kọjú sí oko ìrẹsì nìkan ló ṣì ṣí sílẹ̀, nítorí fèrèsé àti ilẹ̀kùn tó rà kò tíì dé.

Kò lè dúró kí iṣẹ́ parí kó tó lọ mú Clovis wálé. Orí àga gígùn ní pálọ̀ ló tẹ́ ẹ sí. Láti ibẹ̀ ni Clovis ti ń gbọ́ òòlù rẹ̀.

Ó bi í lọ́jọ́ kan pé, "Ẹ̀wọ̀n ta lò ń kọ́ yẹn?"

Eula ní, "Ti ọ̀lẹ tó ń bèèrè." Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn ún.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni rédíò bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ ìjì. Wọ́n ní ọ̀nà Texas, ìpínlẹ̀ kejì, ló ń lọ. Àfi bó ṣe di àárọ̀ ọjọ́ kan tí wọ́n ní ó ti ṣẹ́rí padà, ọ̀dọ̀ wọn gan-an ló dojú kọ, ẹni tí kò bá tíì kúrò, kó má wulẹ̀ bọ́ sọ́nà mọ́. Alcide sáré wá, ó bá Eula kan pákó mọ́ àwọn fèrèsé ilé. Ó wo ẹ̀yìn àtíbàbà tó ṣí gbayawu, ó mi orí.

Ó ní, "Mísì Eula, kò sí pákó kankan mọ́ nílé mi o. Ẹ bá mi gbàdúrà." Ó sì padà sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀.

Afẹ́fẹ́ ti ń gbé ewéko oko ìrẹsì sùn sílẹ̀. Eula dúró láàrin yàrá tí kò tíì parí, ó ń wá ohun tó lè fi dí ẹ̀yìn: tapólì ni, ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ ni. Ó gbọ́ ọ̀pá ìtìlẹ̀ tí Clovis fi ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀ lórí kọnkéré.

Clovis ní, "Má dí i. Tú iwájú kúrò."

"Kí lo wí?"

"Afẹ́fẹ́ máa gba ẹ̀yìn wọlé, kò ní rọ́nà jáde. Òrùlé ló máa gbé. Tó bá gbé tibí, á fa tilé tẹ̀ lé e."

"Gbogbo ìsinmi mi ni mo fi ṣe é, Clovis."

"Mo mọ̀."

"O ò mọ nǹkan kan. Àtọjọ́ tó o ti dé lo ti ń wá bó ò ṣe ní sùn níbí. Bí ilé mi ò bá wù ẹ́, la ẹnu ẹ kó o sọ ọ́."

Clovis fara ti òpó. Ó ní òun wà lórí omi lọ́jọ́ tí irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo wọ yàrá tí àwọn ń sùn, bó ṣe ká òrùlé bí ìgbà tí èèyàn ká ẹní nìyẹn, tó sì já a lu ọmọkùnrin tí àwọn jọ ń ṣiṣẹ́. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Eula kò tíì gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ láti kékeré.

Ó wo ògiri funfun náà. Lẹ́yìn náà ló mú òòlù àti ọ̀pá irin, ó ki ẹnu ọ̀pá náà bọ abẹ́ pákó àkọ́kọ́. Ìṣó ń han bó ṣe ń jáde. Clovis ń fi ọwọ́ ọ̀tún fa pákó láti ìsàlẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, ó ṣubú lulẹ̀ gbàgà. Eula ju òòlù sílẹ̀.

Clovis ní, "Fi mí sílẹ̀, máa tú u."

Ó jókòó síbi tó ṣubú sí, ó ń tẹ̀ mọ́ àwọn pákó tó wà nílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má bàa gbé wọn. Afẹ́fẹ́ gbé ọ̀kan mọ́ ọn lábẹ́, ó yí i bìrí sójú títì, pákó náà sì kọjá létí Eula báyìí. Nígbà tí iwájú ṣí tán, tó di egungun igi lásán, Eula fa àbúrò rẹ̀ wọlé ní apá, ó kó àwọn pákó tó kù sí pálọ̀, ó ti ilẹ̀kùn.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ àárín ilé ni wọ́n jókòó sí, wọ́n kẹ̀yìn sí ògiri. Iná lọ. Òjò kò rọ̀ sílẹ̀ mọ́, ìbú ló ń gbà. Àwọn òpó irin ń ké níta, òrùlé ń lù gbì, gbì. Ìgbàkígbà tó bá lù, Eula á di ọwọ́ Clovis mú, kò sì mọ̀ pé ọwọ́ tó kú ni òun ń dì mú.

Ó bi í níbẹ̀ pé, "Kí ló dé tó ò wá sin ọkọ mi?"

Clovis fi ọwọ́ ọ̀tún nu òjò kúrò lójú. Ó ní, "Mo mutí yó. Mo ti múra tán, kóòtù wà lọ́rùn mi, bàtà wà lẹ́sẹ̀ mi, mi ò lè dìde."

 Eula kò sọ pé òun ti gbàgbé, nítorí kò tíì gbàgbé. Ṣùgbọ́n ó fa aṣọ ìbora bò ó lẹ́sẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni afẹ́fẹ́ tó rọlẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, òrùlé àtíbàbà wà lórí òpó rẹ̀. Pánù kan ti ká létí, fírísà ti dojú dé nínú ẹrẹ̀. Wọn ò rí àgọ́ tí Alcide ti ń kan ọkọ̀ ojú omi mọ́, ṣùgbọ́n òun àti ìyàwó rẹ̀ wà láàyè, wọ́n ń juwọ́ láti ẹnu ọ̀nà wọn.

Fèrèsé àti ilẹ̀kùn dé níkẹyìn, Eula fi wọ́n dí ẹ̀yìn, ó sì tún ògiri náà kàn kí òtútù tó wọlé. Clovis jókòó sórí àga, ó fi ètè há ìṣó, ó ń yọ ọ́ fún un níkọ̀ọ̀kan, ó sì ń bá a wí pé ó ń kan án wọ́. Inú yàrá yẹn ló gbé títí ayé rẹ̀. Kò dúpẹ́ rí. Àmọ́ lọ́jọ́ kan tí àlejò kan tó wá jẹ ọbẹ̀ ilá bi í pé ibo ló ń gbé, ó ní, "Ilé mi nìyí. Ti Eula ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ yẹn."

Eula ké sí i láti ilé ìdáná pé, bí onílé bá ti délé, kó yáa wá fọ abọ́.