Ohun Tí Màámi Kò Mọ̀

Ní àárọ̀ tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ láti ìhà ilé-iṣẹ́ bisikíìtì, òórùn súgà a máa ta sánsán dé gbogbo àgbàlá wa ní Sàngó. Mo máa ń la ẹnu sílẹ̀ kí n lè gbé e mì. Ní irú àárọ̀ bẹ́ẹ̀ kan, mo sáré bá màámi nídìí máṣíìnì ìránṣọ wọn, mo ní, "Màámi, ẹ fún mi ní èyí tí mò ń rò." N kò sọ ohun tí mò ń rò. Kí ni mo fẹ́ sọ ọ́ sí? Inú mi lọ́hùn-ún náà ni mo rò pé wọ́n ń gbé. Màámi wo bí imú mi ṣe ń fà síhà ọ̀hún, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì wá bisikíìtì kan fún mi.

Ọmọ bí ọdún mẹ́rin ni mí nígbà náà, n kò tíì wọ jẹ́lé-ó-sinmi. Láti ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni bàbá mi ti wá ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ páànù, ọmọ Ọ̀tà ni màámi. Ọ̀rọ̀ tí kì í wọ́n lẹ́nu wọn ni, "Mo mọ ohun tó wà nínú rẹ." Bí mo bá yọ ẹran jẹ nínú ìkòkò, wọn á ní àwọn mọ ohun tó wà nínú mi, òótọ́ sì ni. N kò mọ̀ pé epo tó wà létè mi ló ń tú àṣírí. Ìyá Bísí, tí yàrá wọn kọjú sí tiwa, a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹ wo ẹnu tó ń dán bí ẹnu ológbò! Ràfíátù, ta ló jẹ ẹran?" Èmi á ní, "Ẹ bi màámi, wọ́n mọ̀."

Nígbà kan, bàbá mi mú mi lọ sí Àtàn, a sì rí ajá kan tó jókòó níwájú ọkọ̀ akẹ́rù bí ẹni pé òun ló ni ín. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ mo ní, "Màámi, ẹ rántí ajá yẹn?" Wọn kò bá wa lọ. Wọn kò tilẹ̀ gbé ojú kúrò lára aṣọ tí wọ́n ń rán. "Mo rántí ẹ̀ dáadáa," ni wọ́n wí. "Ajá yẹn mà gbayì o."

Àárò ọjọ́ wọ̀nyẹn ṣì ń sọ mí. Kí ènìyàn má dá wà, kódà nínú ara rẹ̀.

Oṣù àwẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ parí. Epo mọ́tò ti wọ́n gógó. Bùrọ̀dá Múfú, àbúrò bàbá mi tó ń gun ọ̀kadà, tò títí ní Ìyànà Ìyẹsí kí wọ́n tó rí pẹtiróòlù rà. Nílé wa, kẹ́ẹ̀gì tí a bá so àkísà pupa mọ́ lọ́rùn, kẹrosíìnì ló ń wà nínú rẹ̀. Gbogbo àgbàlá ló mọ àmì náà. Ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀gì tí Bùrọ̀dá gbé bọ̀ ń jò. Wọ́n da ìwọ̀nba kẹrosíìnì wa tó kù sínú ìgò, wọ́n sì da pẹtiróòlù sínú kẹ́ẹ̀gì alákìísà. Èmi nìkan ló wà níbẹ̀. "Ràfíátù, má sún mọ́ ọn o, pẹtiróòlù ni o. Jẹ́ n lọ kírun, mo ń bọ̀." Wọ́n gba mọ́sálásí lọ.

Nígbà tí màámi wọlé, oòrùn ti fẹ́ wọ̀, ìṣínu sì ti ń kánjú bọ̀. Ọ̀fìnkìn ti mú wọn láti àná, imú wọn dí pa. Wọ́n gbé sítóòfù sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ṣí kẹ́ẹ̀gì alákìísà, wọ́n ń rọ ọ́ sínú rẹ̀. Mo jókòó lórí àpótí, mò ń wò wọ́n. Ẹ̀rù kò bà mí. Mo mọ̀ pé pẹtiróòlù ni. Nítorí náà, màámi náà mọ̀.

Àfi bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin sínú. Bùrọ̀dá Múfú kò kọrin nígbà tí wọ́n ń da tiwọn. Ńṣe ni wọ́n na ọwọ́ jìnnà sí ara, tí wọ́n fà sẹ́yìn. Màámi ń kọrin bí ìgbà tí wọ́n bá ń wẹ̀ fún mi. Mo wo ojú wọn. Ohun tó wà lójú mi kò sí lójú wọn rárá. Ó dà bí ẹni pé ilẹ̀kùn kan tì láàárín wa, tí mo sì wà lóde.

Wọ́n ṣá ìṣáná. Mo ké: "Màámi, ti Bùrọ̀dá ni! Pẹtiróòlù ni!"

Wọ́n fò sẹ́yìn, ṣùgbọ́n iná ti gbà á. N kò rántí bí wọ́n ṣe gbé mi. Ohun tí mo rántí ni yẹ̀pẹ̀ àgbàlá lẹ́nu mi, àti ohùn Ìyá Bísí: "Ẹ má da omi sí i! Yẹ̀pẹ̀! Ẹ bu yẹ̀pẹ̀ wá!" Yàrá wa jóná, máṣíìnì màámi jóná, ọwọ́ òsì wọn sì bó dé ìgúnpá. Ẹnikẹ́ni kò kú. Bàbá mi gbé mi lé itan, wọ́n ń wí ṣáá pé, "Ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ìwọ ò dákẹ́. O ṣeun, ọmọ mi."

Gbogbo wọn ń yìn mí, èmi ń sunkún. Wọ́n rò pé iná ni. Bí màámi kò bá mọ ti kẹ́ẹ̀gì, kí ni wọ́n tún mọ̀? Ta ló wá wà nínú mi pẹ̀lú mi?

Mo ti dàgbà báyìí, mo ti bímọ. N kì í ṣá ìṣáná láìkọ́kọ́ fa òórùn yàrá símú. Bí mo bá gbé ìgò kan kúrò láàyè rẹ̀, màá sọ fún ọkọ mi, màá sọ fún àwọn ọmọ, màá tún padà wá sọ ọ́. Wọ́n á ní, "Màmá, ẹ ti sọ ọ́!" Mo máa ń ní awọ fẹ́lẹ́ ló bonú, n kò lè rí ohun tó ti wọlé àti èyí tí kò wọlé.

Ọ̀dọ̀ mi ni màámi ti lo ìgbẹ̀yìn wọn. Ní ọ̀sán kan, dókítà ti sọ fún mi ohun tí a kò tíì sọ fún wọn. Mo jókòó tì wọ́n, mo di ọwọ́ tó ní àpá iná mú. Wọ́n yíjú sí mi, ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì.

"Mo mọ ohun tó wà nínú rẹ," ni wọ́n wí. "Ebi ń pa ọ́."

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni. N kò gbé ojú sókè. "Ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa, Màámi."

Wọ́n fọwọ́ wá abẹ́ ìrọ̀rí, wọ́n fa bisikíìtì kan yọ, wọ́n nà án sí mi. Ọmọ ọdún mẹ́rin yẹn ké nígbà tó rí i pé ìyá òun kò mọ̀. Èmi gba bisikíìtì, mo sì jẹ ẹ́ tán.